Ẹni Tó Ń Pa Edé Ofosu

"Ẹ ti gbọ́ ti Ofosu? Wọ́n ní obìnrin kan…"

"Obìnrin wo?"

"Ẹ jẹ́ n dákẹ́ jàre. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu, tó sì…"

"Ta ló wá sọ ọ́ fún?"

"Ìjọba ni mo gbọ́. Àbí yunifásítì ni. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ló ń… lójú omi…"

"Ló ń kí ni?"

"Èmi ò wí nǹkan kan o. Edé ni mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ."

Ẹ̀yìn Ìbílọlá ni àwọn obìnrin méjì yìí jókòó sí lọ́jà Aládé, iṣu ni wọ́n ń tà. Edé gbígbẹ ni Ìbílọlá ń tà ní tirẹ̀, edé odò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó nínú ìgèrè tó dẹ sódò, tó sì fi èéfín yan títí ó fi pọ́n. Láti àárọ̀ ló ti ń gbọ́ wọn bọ̀, àánú obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣe é. Ó tilẹ̀ mi orí. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ayé ti yí padà lóòótọ́, tí obìnrin á jókòó sílé ọkọ, tí á tún kó ẹjọ́ ọkọ lọ bá ìjọba. Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó yíjú sí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe obìnrin ọ̀hún? Ofosu kúkú ni mo ti wá."

Èyí tó ń ròyìn gbójú sókè, ó ń wá orúkọ náà kiri lójú ọ̀run. "Ó dà bíi Ìbí… Ìbíyẹ… Rárá. Ìbílọ… Ìbílọlá. Ìbílọlá ni. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olúlékè. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Ìbílọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kó edé rẹ̀ jọ.

"Mo máa ń rí wọn," ló wí.

Ó di igbá rẹ̀, ó gbé e rù, ó wá lọ́rì lọ. Àwọn oníṣu sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ pé irú ọjà wo ni èèyàn ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tí oòrùn kò tíì kan àtàrí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le, ẹnu ló sọ ọ́ di líle. Láti bí ọdún mẹ́ta ni edé ti ń dínkù lódò Ofosu. Láyé ìyá Ìbílọlá, ìgèrè máa ń kún dé ẹnu. Nísinsìnyí, bí èèyàn bá fa ìgèrè sókè, omi ló máa kọ́kọ́ jáde, ewé á tẹ̀lé e, akàn kan á wá yọjú bí ẹni tó wá béèrè lẹ́tà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1981 ni mọ́tò Láńdróófà kan wá dúró sétí odò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò àti bàtà òjò bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní Dókítà Hannah ni, láti yunifásítì. Kó tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹni mẹ́ta ti tò síwájú rẹ̀: ọ̀kan gbé orúnkún wá, ọ̀kan gbé ikọ́ wá, ẹnì kẹta kò mọ ohun tó ń ṣe é, àmọ́ kò fẹ́ kí dókítà kọjá lọ lásán.

"Ẹ má bínú o," obìnrin náà wí. "Èmi kì í ṣe dókítà èèyàn. Dókítà edé ni mí."

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, àgbà gbogbo wọn lójú omi, tó ṣì ń sọ èdè Ìdànrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láyé baba rẹ̀, wò ó tìyanutìyanu. "Uṣẹ́ kí rè é? Edé wá ń ṣàìsàn?"

"Ohun tí mo wá mọ̀ gan-an nìyẹn, bàbá."

Dókítà jókòó sórí àpótí, ó ṣàlàyé fún wọn. Ó ní àwọn apẹja etí òkun, nílẹ̀ Ìlàjẹ lọ́hùn-ún, ń pariwo pé edé ẹnu òkun ń lọ. Ó ní edé odò yìí àti ọ̀pọ̀ nínú edé ẹnu òkun, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá edé á bá omi lọ títí dé ibi tí omi dídùn ti pàdé omi iyọ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń jáde, àwọn ọmọ á sì wá gun odò padà sílé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ kò fi dé ọ̀hún, àfi kó wá béèrè níbi tí ìyá ń gbé.

"Ẹ ò kúkú bi àwọn ará etí òkun," ẹnì kan wí.

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n wá bi yín."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídeè, àwọn obìnrin á fa ìgèrè wọn wá sétí odò, Dókítà á fi rúlà wọn edé lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìrù, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì tún dá àwọn tó lẹ́yin padà sómi. Rísíkàt, ìyàwó Tàjùdéèn oníṣọ́ọ̀bù, tí ìgèrè rẹ̀ sún mọ́ ti Ìbílọlá jù lọ, tí òun àti Ìbílọlá sì jọ ń yan edé lábẹ́ ahéré kan, bi í bóyá ṣòkòtò ló fẹ́ dá fún wọn, nítorí télọ̀ nìkan ló ń wọn nǹkan báyìí.

Lọ́sẹ̀ kejì, Dókítà mú ìgò ọ̀dà pupa jáde, irú èyí tí àwọn obìnrin ìlú ńlá fi ń kun èékánná. Ó ń kán an sẹ́yìn edé kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun yóò fi dá wọn mọ̀, pé ẹni tó bá tún mú elẹ́yìn pupa, nísàlẹ̀ odò tàbí lókè, kó ránṣẹ́ sóun.

Ìbílọlá, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bísí, wò ó títí. Kì í ṣe ẹni tó máa ń yára sọ̀rọ̀. Nígbà tí Dókítà kun edé ogójì tán ló tó wí pé, "Dókítà, ẹ dákun, ṣé ẹ mọ̀ pé edé máa ń bọ́ èèpo?"

"Ẹ̀n?"

"Bí ó bá ti ń dàgbà, á bọ́ èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ agbádá. Ọ̀dà yín á bá agbádá lọ."

Dókítà Hannah gbé ìgò ọ̀dà sílẹ̀, ó di orí mú. "Ìyá Bísí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìdánwò."

"Ẹ kú ìdánwò," ni Rísíkàt wí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi àlùmọ́gàjí gé ìrù edé díẹ̀, nítorí Ìbílọlá ní apá tí a bá gé kì í tètè hù tán. Láti ọjọ́ náà náà ni Dókítà kì í ṣe nǹkan kan lódò láìkọ́kọ́ wo ojú Ìbílọlá.

Ọjọ́ kan, òjò lé Dókítà, Ìbílọlá àti Rísíkàt wọ abẹ́ ahéré. Dókítà mú ìwé rẹ̀ jáde, ó ní, "Ìyá Bísí, ẹ ti bójú tó omi yìí jù mí lọ. Lójú yín, kí ló ń pa edé?"

Ìbílọlá mọ̀ ọ́n. Láti ọdún méjì ló ti mọ̀ ọ́n. Bí àkókò oògùn kòkó bá dé, tí àwọn ọkùnrin bá ti fín oògùn sára kòkó wọn tán, etídò ni wọ́n ń gbé pọ́ǹpù wá fọ̀, oko wọn kúkú bá omi pààlà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, edé inú ìgèrè rẹ̀ á ti kú, wọ́n á rọ̀ bí ẹ̀kọ tó domi. Ó ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Olúlékè ní kò ṣeé ṣe, pé oògùn tó ń pa kòkòrò kò lè mú ohun tó ní irùngbọ̀n.

Ó dáhùn Dókítà ní gbólóhùn kan péré. Gbólóhùn náà ní orí, ó sì ní ìrù. Rísíkàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ahéré mú. Dókítà kọ orí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìkánjú, kò fi àmì ohùn sí i, kò fi nǹkan kan sábẹ́ lẹ́tà. Nígbà tó kan ìrù, ẹ̀rín ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrù kò dé inú ìwé.

Ohun tó wà nínú ìwé ni: *oko oko mi lo n pa ede.*

Ìwé náà dé ìlú ńlá. Akọ̀wé tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé níbẹ̀ rí *oko* ní ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, ó rò pé oorun ló gbé Dókítà, ó sì fi inú rere yọ ọ̀kan kúrò. Wọ́n fi ìwé títẹ̀ ránṣẹ́ sí Ofosu kí Tíṣà iléèwé ibẹ̀ lè kà á fún àwọn apẹja, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn sọ. Alẹ́ ọjọ́ tí Ìbílọlá lọ sùn sí Aládé de ọjà ni Tíṣà kà á. Ó ka ti Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, tó ní òjò ọdún yìí kò dára. Ó ka ti àwọn yòókù. Ó wá dé orí ti Ìbílọlá, ó yanu, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kà á jáde:

"Ọkọ mi ló ń pa edé."

Kí lọ́rì Aládé tó dé Ofosu, Olúlékè ti ní àgbá oògùn mẹ́ta tó fi pamọ́ sínú igbó. Obìnrin kan tó jókòó ti Ìbílọlá nínú lọ́rì ló fi tó o létí, ó sì ní kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá mọ Olúlékè á mọ̀ pé ẹjọ́ yìí kò bá a mu rárá. Omi ni ohun tí ọkùnrin náà bẹ̀rù jù láyé. Bí omi bá ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, orin ìsìn ló máa ń gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ẹni mẹ́rin ló dì í mú, wòlíì fúnra rẹ̀ sì ti ṣubú sómi kí òun tó wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé.

"Ìyá Bísí, káàbọ̀. Wọ́n ní mo ń pa edé."

"Bàbá Bísí, n kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Oko ni mo wí. Kì í ṣe ọkọ."

"Oko ta ni?"

Ìbílọlá wọlé. "Ẹ jẹ́ n wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná."

"Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Aládé dé, ọbẹ̀ wo lo gbé kaná?"

Ìbílọlá ti ń ṣí ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Olúlékè jókòó síbẹ̀, ó ń wo pọ́ǹpù oògùn rẹ̀ tó fi ti ògiri.

Ohun tó ń já Ìbílọlá láyà kì í ṣe ẹnu àwọn èèyàn. Òfin ojú omi ni. Láti ayébáyé ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá da oró sódò, òun àti gbogbo ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dẹ ìgèrè níbẹ̀ mọ́ fún ọdún méje. Ìgèrè mẹ́rìnlá ló ní, lábẹ́ ọ̀pẹ tó tẹ̀ sómi, níbi tí ìyá rẹ̀ ti dẹ tirẹ̀ kó tó fi sílẹ̀ fún un. Ẹni àádọ́ta ọdún sì ni. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lódò fún ọdún méje, ta ni yóò tún kọ́ ọ níṣẹ́ mìíràn? Wọ́n sì ti dá ìpàdé sí òwúrọ̀ ọ̀la.

Rísíkàt wọlé láìkan ilẹ̀kùn. "Ìyá Bísí, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀la, màá sọ ọ́ bó o ṣe wí i."

"Bó o bá sọ orí rẹ̀, wọ́n á béèrè ìrù."

"Màá fún wọn ní ìrù."

"Ilé rẹ ńkọ́? O mọ ẹni tó ń pariwo jù pé kí wọ́n yọ ìgèrè mi."

Rísíkàt mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀ ni. Tàjùdéèn ló ti lọ kiri gbogbo Ofosu láti àárọ̀, pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́, tó ń sọ pé omi kì í ṣe ti ẹnì kan, pé apànìyàn ni ẹni tó ń pa edé, díẹ̀ ló kù kó dé orí èèyàn. Tàjùdéèn yìí kan náà ló ra oko kòkó kan létídò ní ọdún méjì sẹ́yìn.

"Má sọ ọ́," ni Ìbílọlá wí. "Ìgèrè ni tèmi. Ilé ni tìrẹ. Ṣèlérí."

Rísíkàt ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó ṣe é bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ojú omi pé. Ọjọ́ Wẹ́sídeè ni, nítorí náà Láńdróófà Dókítà dé bí ìṣe rẹ̀. Dókítà gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, ojú rẹ̀ yí padà, ó sáré lọ mú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nínú mọ́tò. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìbílọlá fi ojú sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ wọn edé pẹ́ débi pé wọ́n ti gbọ́ ojú ara wọn, nítorí náà Dókítà na ìwé sí Tíṣà nìkan.

Tíṣà fi gíláàsì sójú. "Ó yẹ ká túnra mú. *Oko* ẹ̀ẹ̀mejì ló wà níbí o. Ìyẹn ni pé… ọkọ ọkọ mi ló ń pa edé."

Gbogbo orí yí sí Olúlékè.

"Olúlékè," ni Bàbá Olúṣẹ̀yẹ pè é jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà ní ọkọ?"

"N kò ní in, bàbá."

"A kì í mọ̀," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, àwọn obìnrin sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó lè jẹ́ ọkọ̀," ni ẹlòmíràn wí. "Ọkọ̀ ọkọ mi. Ọkọ̀ ojú omi."

"Olúlékè tí ń kọrin bó bá rí ọ̀gbàrà? Kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?"

"Ọkọ́ ńkọ́? Ọkọ́ ọkọ mi."

"Ọkọ́ tó ń pa edé. Ó ń kọ ebè sínú odò ni?"

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ na ọ̀pá rẹ̀ sí Dókítà. "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ ní ìwé tí kò lóhùn?"

Dókítà tẹrí ba. "Ìkánjú ni, bàbá. Ẹ forí jì mí."

Olúlékè bá dìde. Gbogbo òru kò sun, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó wí, "ó lè jẹ́ oko. Oko ọkọ mi. Oko mi bá omi pààlà, ibẹ̀ ni mo sì ti ń fọ pọ́ǹpù."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin ló rí i dáadáa. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló ní nǹkan tó ń wò. Ọ̀kan ń wo òkè, bóyá òjò ń bọ̀. Ọ̀kan ń yẹ bàtà rẹ̀ wò. Tíṣà, tí òun náà ní oko kékeré kan nítòsí afárá, yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí àwọn yòókù ti ń fọ pọ́ǹpù tiwọn.

"Oko kì í pa edé," ni Tàjùdéèn wí kíákíá. "Ṣé oko a máa rìn ni? Ẹ fi oko sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú ọkọ. Tíṣà, ọkọ ni ẹ kọ́kọ́ kà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ọkọ ni mo kọ́kọ́ kà," Tíṣà wí, kò gbójú sókè.

"Ó tán."

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ mí kanlẹ̀. Ó ní òfin ni òfin, kí ẹni méjì wọ omi kí wọ́n lọ fa ìgèrè Ìyá Bísí jáde. Àwọn méjì wọ omi lábẹ́ ọ̀pẹ tó tẹ̀. Wọ́n fa èyí àkọ́kọ́ sókè, omi ń ro nínú rẹ̀, wọ́n jù ú sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n fa èkejì. Edé mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan gé nírù. Edé náà ń ta pàtì-pàtì nínú iyanrìn, kò sì sí ẹni tó dá a padà sómi àyàfi Dókítà, tó kúnlẹ̀ tòun ti bàtà òjò rẹ̀. Ìbílọlá kò sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ń ká ìgbátí ìró, tó ń tú u, tó ń ká a.

Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀kẹta, Tàjùdéèn tún gbẹ́nu sókè. "Bí kì í bá ṣe ọkọ rẹ̀, kí ló dé tó dákẹ́? Ẹni tó bá mọ ohun tó sọ gan-an kó sọ ọ́ síta. Kò sí ẹni tí a ń bẹ̀rù níbí."

Rísíkàt dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Jókòó, Rísíkàt," Ìbílọlá wí lábẹ́ ohùn. "O ti ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí pé n kò ní dá a sọ. Àwọn ló ní ká sọ ọ́." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mùíbàt, ẹ̀yin lẹ ní ká sọ ọ́ síta o."

"Sọ ọ́," ni Tàjùdéèn wí. "Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Èmi ni mo jókòó tì í. N kò fi kún un, n kò sì yọ níbẹ̀." Rísíkàt kọjú sí Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ka àkọ́sórí, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ohùn tó wà lára rẹ̀ kí ìwé kankan má tún baà gé e: "Ó ní, 'Oko ọkọ mi ló ń pa edé, oko ọkọ Rísíkàt ló ń bá a sin òkú.'"